Orí Keje: Bí Ọgbà Ṣe Ń La Òtútù Já ní Ìlú Ọba

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí oṣù Kẹwàá bá ti ń lọ sópin, ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé yín kí ẹ gbójú sókè. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, ẹ padà sínú ilé kí ẹ lọ sùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀run bá mọ́ kedere, tí ìràwọ̀ hàn ketekete, tí ewé kankan kò sì mì, ẹ wá tọ́ọ̀ṣì yín, iṣẹ́ dé. Aṣọ ìbora ni ìkùukùu jẹ́ fún ilẹ̀. Ooru tí ilẹ̀ fà sára lọ́sàn-án máa ń gbéra lálẹ́, ìkùukùu a sì dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Lálẹ́ tí kò bá sí ìkùukùu, ooru náà bá tirẹ̀ lọ nìyẹn, ilẹ̀ á máa tutù títí omi orí ewé yóò fi dì. Ohun tí ẹ óò bá lórí koríko láàárọ̀, tó funfun bí ìgbà tí èèyàn wọ́n iyọ̀ sílẹ̀, òun là ń pè ní ìrì dídì.

Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Ìsẹ́yìn mọ ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa gbẹ ewé, a máa la èèyàn létè, ṣùgbọ́n kì í sọ omi inú igi di yìnyín. Ìrì dídì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tó yí àwọn sẹ́ẹ̀lì ewé ká ló kọ́kọ́ ń dì. Bó bá ti dì, á máa fa omi inú sẹ́ẹ̀lì síta, títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi gbẹ, tí awọ rẹ̀ yóò sì ya. Nígbà tí oòrùn bá yọ, ewé á dà wọ̀ọ̀, á dúdú, á rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ jù. Ẹni tó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ á rò pé ẹnìkan wá da omi gbígbóná sí ọgbà òun lóru.

Ohun tó sábà ń kó wa sí wàhálà ni pé ojú kan náà la fi ń wo gbogbo ohun ọ̀gbìn. Bí òtútù bá ti dé, a fẹ́ da aṣọ bo gbogbo wọn, tàbí kí a kó gbogbo wọn wọlé. Èyí tí kò fẹ́ ilé á kú sínú ilé, èyí tó nílò ilé á kú síta. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ béèrè ibi tí ó ti wá. Ohun ọ̀gbìn tí ìlú rẹ̀ tutù mọ bí a ti ń sùn nígbà òtútù. Èyí tó wá láti ìlú olóoru kò mọ̀ ọ́n, ọwọ́ yín ló kù sí. Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé kí ẹ bẹ̀rù omi ju òtútù lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ti pàdánù nínú ọgbà ní Ìlú Ọba, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi nígbà òtútù pọ̀ ju èyí tí òtútù nìkan pa lọ.

Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ohun ọ̀gbìn ti wá, ẹ wo pátákó kékeré tí wọ́n fi sínú ìkòkò rẹ̀ nígbà tí ẹ rà á. Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọgbà ní Britain, ní òǹkà kan tó bẹ̀rẹ̀ láti H1 dé H7. H7 lè fara da òtútù tó kọjá -20°C. H4 lè fara da èyí tó wà láàárín -5°C sí -10°C, ọ̀pọ̀ ìgbà òtútù ní gúúsù England kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. H3 dúró lórí -5°C. H2 lè gba ojú ọjọ́ tó tutù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dì. H1 kò fẹ́ ohun tó bá lọ sísàlẹ̀ 5°C rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun tí a gbé wá láti ilé wà. Mo máa ń fi bírò kọ nọ́ńbà náà sára ìkòkò, nítorí pátákó a máa sọnù.

Àwọn tó fẹ́ òtútù

Ẹ jẹ́ kí n tètè mẹ́nu ba àwọn tí kò ní yọ yín lẹ́nu. Tulip, daffodil, crocus àti snowdrop ní orí lábẹ́ ilẹ̀, bí alùbọ́sà tàbí bí kókò kékeré, inú orí náà ni wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Àwọn òkè Àárín Gbùngbùn Éṣíà, níbi tí òjò dídì ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ni ìlú tulip. Bí kò bá rí òtútù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, kò ní mọ̀ pé àkókò àti yọ òdòdó ti tó. Ẹ má wú u, ẹ má gbé e wọlé. Ìdí kan náà ni mo fi máa ń sọ fún àwọn tó fẹ́ ra orí tulip lọ fún ìyá wọn ní Èkó pé kí wọ́n mú nǹkan mìíràn dání. Ó lè yọ ewé níbẹ̀, ṣùgbọ́n òdòdó gidi kò ní jáde, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi í sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ gbin daffodil. Ti tulip di oṣù Kọkànlá, nítorí òtútù ń dín àìsàn tó ń jó ewé rẹ̀ kù nínú ilẹ̀. Jíjìn ihò náà kó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta gíga orí tí ẹ fẹ́ gbìn. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi lè ráyè kọjá. Ohun tó kù tí ẹ óò ṣọ́ ni ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ London kì í fi orí tulip àti ti crocus sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ daffodil, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ wáyà tí wọ́n fi ń ṣe àgò adìyẹ sórí ilẹ̀ náà títí ewé yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ.

Dahlia àti ọgbọ́n àká iṣu

Dahlia ni mo fẹ́ràn jù nínú ọgbà, òun náà ló sì ń fẹ́ ìtọ́jú jù. Ìlú Mẹ́síkò ló ti wá, wọ́n sì fi ṣe òdòdó orílẹ̀-èdè níbẹ̀ ní 1963. Ní 1789 ni ó dé Madrid láti Mẹ́síkò, wọ́n sì fi orúkọ Anders Dahl, onímọ̀ ewéko ará Sweden, sọ ọ́. Ẹni tó bá wú u fún ìgbà àkọ́kọ́ á rò pé ànàmọ́ ni òun wú: ìdì gbòǹgbò ńlá ńlá mẹ́fà, mẹ́jọ, tí ọrùn gbogbo wọn so mọ́ ìdí igi kan ṣoṣo.

Àwọn olùtọ́jú ọgbà ń jiyàn bóyá kí a wú u tàbí kí a fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé inú London tàbí létí òkun ní gúúsù, tí ilẹ̀ yín sì jẹ́ oníyanrìn tí omi kì í dúró sí, ẹ lè fi í sílẹ̀. Ẹ gé igi rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ìrì dídì bá ti sọ ewé di dúdú, kí ẹ wá kó ewé gbígbẹ tàbí èèpo igi jọ lé e lórí, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹni tó ti ṣe oko iṣu mọ ohun tí mo ń sọ. Bí a ti ń fi koríko bo orí ebè kí oòrùn má baà jó èbù, bẹ́ẹ̀ náà la ń bo dahlia kí òtútù má baà kàn án. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀, bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ London ti rí, ẹ wú u. Nínú amọ̀ tó rin gbingbin láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, kódà bí ìrì dídì kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, jíjẹrà ni yóò jẹrà.

Ẹ má kánjú wú u. Ẹ jẹ́ kí ìrì dídì àkọ́kọ́ pa ewé rẹ̀ ná, nítorí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni ó ń kó oúnjẹ wọ gbòǹgbò. Lẹ́yìn èyí, ẹ gé igi rẹ̀ kí ó ku bí sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì so orúkọ àti àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn lójú ẹsẹ̀, nítorí bí ẹ bá ti wú gbogbo wọn tán, ẹyọ kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ ki fọ́ọ̀kì oko bọlẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30 sí ìdí igi, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má fi igi rẹ̀ fà á.

Ọrùn ni ẹ gbọdọ̀ ṣọ́ jù. Èbù iṣu, ibi yòówù kí ẹ gé e sí, bí èèpo bá ṣáà wà lára rẹ̀, ó lè hù. Dahlia kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú tó ń hù wà ní ọrùn nìkan, níbi tí gbòǹgbò ti pàdé igi. Gbòǹgbò tó sanra tó dára, tí ọrùn rẹ̀ bá ti ṣẹ́, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀ láìrí ewé kan ṣoṣo. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń bomi rin irú rẹ̀ kí n tó mọ̀.

Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, kí ẹ wá dojú rẹ̀ kọlẹ̀ sórí páálí níbi tí afẹ́fẹ́ wà fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ihò wà nínú igi rẹ̀, omi a sì máa dúró síbẹ̀. Ìdí tí a fi ń dojú rẹ̀ dé ni pé kí omi yẹn lè kán jáde. Bí ẹ bá rí ojú ọgbẹ́, ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e dé ibi tó funfun, kí ẹ fi eérú igi tàbí ìyẹ̀fun imí-ọjọ́ pa á. Àwọn bàbá wa ń fi eérú pa ojú èbù kí ó tó wọ ilẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe níbí.

Ibi ìpamọ́ ló kàn. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo kó gbogbo dahlia mi sínú náílọ́n, mo so ó lẹ́nu pinpin, mo gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn inú ilé. Nígbà tí mo ṣí i ní oṣù Kejì, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi. Gbogbo wọn ti di ẹ̀kọ. Inú bí mi sí ara mi, nítorí n kò rí ẹni tó ń kó iṣu sínú náílọ́n rí ní abúlé bàbá mi. Àká iṣu a máa ní òjìji, a máa ní afẹ́fẹ́, wọ́n a sì máa so iṣu mọ́ igi kí ọ̀kan má baà jókòó lé èkejì. Ohun tí mo mọ̀ láti kékeré ni mo gbàgbé nítorí pé ìlú yí padà.

Láti ìgbà náà, inú àpótí onígi tí wọ́n fi ń kó èso ni mo ń tò wọ́n sí. Mo máa ń tẹ́ ìwé ìròyìn sí ìsàlẹ̀, kí n da yanrìn gbígbẹ tàbí lẹ́búlẹ́bú igi láti ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà lé e, kí n tò wọ́n láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra, kí n sì tún bò wọ́n títí yóò fi ku ọrùn nìkan. Àpótí náà á wà níbi tó ṣókùnkùn, tó tutù ṣùgbọ́n tí kì í dì, láàárín 4°C sí 10°C. Gáréèjì tó so mọ́ ara ilé dára. Ilé pákó inú ọgbà lè dì lóru, nítorí náà bí ẹ kò bá ní ibòmíràn, ẹ fi aṣọ ìbora àtijọ́ wé àpótí náà. Ilé tí ẹ ń gbé gan-an gbóná jù. Gbòǹgbò á súnkì, tàbí kí ó hù kí àkókò tó tó.

Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí a ti ń yẹ àká wò. Èyí tó bá ti bu tàbí tó ti rọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ó má baà kó bá ẹlòmíràn. Èyí tó bá hunjọ bí awọ arúgbó, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sórí yanrìn rẹ̀, omi díẹ̀ péré.

Ọ̀rọ̀ iṣu ti wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó ń ra iṣu ní Peckham ní London. Ẹ má ṣe gbé iṣu jíjẹ yín sí ibi tí dahlia wà. Òtútù tó bá sọ̀ kalẹ̀ ju 12°C lọ ń ṣe iṣu léṣe, inú rẹ̀ á dúdú, á sì tètè rà. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gún iyán ni ẹ óò tó mọ̀.

Gladiolus, òdòdó mìíràn tí a ń wú bíi dahlia, kò ní wàhálà púpọ̀. Orí rẹ̀ dà bí kókò kékeré. Ẹ wú u nígbà tí ewé bá ń pọ́n, ẹ sá a sí afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ya èyí tuntun tó wà lókè kúrò lára èyí àtijọ́ tó ti hunjọ nísàlẹ̀, ẹ ju ti àtijọ́ dànù, kí ẹ sì kó ti tuntun sínú àpò ìwé.

Ìdò àti kókò ni ẹ kò gbọdọ̀ ṣe bíi dahlia. Ìdò, tí wọ́n ń pè ní canna níbí, ni òdòdó pupa tàbí ofeefee tí hóró rẹ̀ dúdú tó sì le bí ọta. Ó pọ̀ ní àgbàlá ilé ní Ìlú Ọba báyìí nítorí ewé rẹ̀ gbòòrò. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti dà bí atalẹ̀. Bí ìdí ìdò tàbí orí kókò bá gbẹ pátápátá, ó ti kú nìyẹn. Ẹ wú u pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lára, ẹ kó o sínú kọ́ḿpọ́sì tó rin díẹ̀, irú èyí tí omi kò ní kán bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí kò tutù ju 5°C lọ.

Ewúro, efinrin àti ata rodo

Ọ̀pọ̀ wa ló gbin ewúro sí ẹ̀yìn ilé nígbà ooru, tó dàgbà débi pé aládùúgbò béèrè orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìrì dídì oṣù Kọkànlá kan ṣoṣo pa á. Ẹ má dúró di oṣù Kọkànlá. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, nígbà tí ó ṣì ń lágbára, ẹ gé ẹ̀ka mẹ́rin tàbí márùn-ún tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, tí kò rọ̀ jù tí kò sì le jù. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ gún un sínú ìkòkò kékeré, ẹ sì gbé e sí etí fèrèsé. Bí ti ìta bá kú, ti inú ilé wà. Efinrin náà rí bẹ́ẹ̀, inú ife omi lásán ni ẹ̀ka rẹ̀ ti ń yọ gbòǹgbò, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò fẹ́ kí ibi tó wà tutù ju 10°C lọ. Ewé tíì, tí àwọn mìíràn ń pè ní koríko ọba, ẹ wú ìdí rẹ̀, ẹ pín in sí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gé ewé rẹ̀ kúrú, kí ẹ gbìn ín sínú ìkòkò.

Ata rodo ni àwọn èèyàn ń ṣàánú rẹ̀ jù, wọ́n sì máa ń rò pé ọdún kan péré ni ẹ̀mí rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A rí igi ata ọlọ́dún mẹ́ta ní ẹ̀yìnkùlé nílé. Kí òru tó bẹ̀rẹ̀ sí tutù ju 10°C lọ, ẹ gbé e wọlé, ẹ ká gbogbo ata ara rẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ kí ó ku ìdí àti ẹ̀ka kúkúrú méjì tàbí mẹ́ta, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ wo àyà àti ẹ̀yìn ewé tó kù dáadáa, nítorí kòkòrò kéékèèké aláwọ̀ ewé tí ń fa omi ara igi máa ń bá a wọlé, nínú ilé kò sì sí ẹyẹ tàbí kòkòrò mìíràn tí yóò jẹ wọ́n. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ lórí aṣọ rírọ̀ tó láti nù wọ́n dànù. Ewé ata náà lè rẹ̀ tán ní oṣù Kìíní, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó wà láàyè. Ní oṣù Karùn-ún yóò ti ṣíwájú èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin hóró rẹ̀, yóò sì tètè so.

Ìmọ́lẹ̀ ni ìṣòro tòótọ́ nínú ilé. Ní Èkó, ọjọ́ tó kúrú jù lọ lọ́dún ṣì lé ní wákàtí 11. Ní London, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, kò tó wákàtí 8, oòrùn náà kò sì lágbára. Fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ni kí ẹ lò. Níwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀, igi kò lè mu omi púpọ̀. Ẹ ki ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá rin níbẹ̀, ẹ má bomi. Bí ẹ bá ń rí eṣinṣin dúdú tíntìntín tó ń fò lórí ìkòkò, omi yín ti pọ̀ jù. Ẹ má gbé ìkòkò sórí rédíétọ̀. Lálẹ́, bí ẹ bá fa kọ́tìnì, ẹ má jẹ́ kí ohun ọ̀gbìn wà láàárín kọ́tìnì àti gíláàsì, nítorí ibẹ̀ ni òtútù ń há sí. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń gbé ti wa wá sórí tábìlì lálẹ́, tí mo sì ń gbé e padà láàárọ̀. Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Kò sí ohun tí kò ṣeé ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Kew, ọgbà ewéko ńlá ní London, igi kan wà nínú ilé gíláàsì tí wọ́n ń pè ní Palm House; Francis Masson, tó ń wá ohun ọ̀gbìn kiri fún ọgbà náà, ló gbé e wá láti Gúúsù Áfíríkà ní 1775. Nígbà tí wọ́n kọ́ Palm House tán ní 1848, wọ́n gbé e wọ ibẹ̀, inú ìkòkò ló sì wà títí di òní. Bí ẹ bá lọ wò ó, ẹ kíyè sí bí ó ti rọra tẹ̀, tí wọ́n fi igi tì í lẹ́yìn.

Ní ti ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò àti ilá, ẹ má dá ara yín lágara. Ọlọ́dún kan ni wọ́n jẹ́. Ẹ gba hóró wọn nígbà tí èso bá gbẹ, ẹ kó o sínú àpò ìwé tí ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí, kí ẹ sì fi í sínú agolo níbi gbígbẹ.

Aṣọ, ìkòkò àti afẹ́fẹ́

Fún àwọn tó wà níta tí kò ṣeé wú, ilé ìtajà ọgbà ń ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní fleece. Èyí tó ń wúwo gíráàmù 17 ní mítà kan níbùú lóòró fẹ́lẹ́ jù fún oṣù Kìíní; ẹ ra ti gíráàmù 30. Ìmọ́lẹ̀ àti omi lè gbà á kọjá, ìdí nìyí tó fi sàn ju náílọ́n lọ. Náílọ́n tó bá fara kan ewé ń kó òtútù ràn án, èyí tó bá sì bo igi mọ́lẹ̀ pinpin ń sọ omi di òógùn sára rẹ̀ títí yóò fi bu. Bí ẹ kò bá ní fleece, aṣọ ibùsùn àtijọ́ tàbí ìwé ìròyìn ṣeé fi bo ohun ọ̀gbìn lóru ọjọ́ kan, kí ẹ ṣí i láàárọ̀ bí oòrùn bá ti yọ. Ṣíṣí i láàárọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń gbàgbé.

Ìkòkò léwu ju ilẹ̀ lọ. Nínú ilẹ̀, orí nìkan ni òtútù gbà wọlé. Nínú ìkòkò, ó gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọlé dé gbòǹgbò. Ẹ kó gbogbo ìkòkò jọ sí ìdí ògiri ilé, pàápàá ògiri tó ń gba oòrùn, nítorí ògiri ń tú ooru sílẹ̀ lóru. Ẹ gbé wọn lé bíríkì kí ihò ìsàlẹ̀ má baà dí. Ẹ wá fi náílọ́n tó ní ìléròrò afẹ́fẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń di àwo ránṣẹ́, wé ara ìkòkò, kì í ṣe ojú iyẹ̀pẹ̀. Ìkòkò amọ̀ tí kò jẹ́ ti ojú òtútù lè là sí méjì, nítorí omi tó wọ ara rẹ̀ ń fẹ̀ bó bá dì.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń rí ní àgbàlá àwọn èèyàn ní London kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwa. Musa basjoo ni, láti gúúsù Ṣáínà, kì í so èyí tó ṣeé jẹ. Ewé rẹ̀ á kú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé ewé náà, tí ẹ fi wáyà yí ìdí rẹ̀ ká, tí ẹ sì ki koríko gbígbẹ sí i títí dé òkè, ìdí náà á là á já.

Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó ń ṣàn bí omi lọ sí ibi tó rẹlẹ̀. Bí allotment yín, ilẹ̀ ọgbà tí ẹ háyà, bá wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa dì nígbà tí òkè kò tíì ní nǹkan. Ọgbà pákó tí kò ní ihò á há afẹ́fẹ́ náà mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ohun ẹlẹgẹ́ lọ sókè. Bí òjò dídì bá rọ̀, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbọn ẹ̀ka igi kí ó má baà ṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó bo ilẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, aṣọ ni.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọdún tó kọjá. Ní oṣù Kejìlá 2022, lẹ́yìn ìgbà òtútù díẹ̀ tí kò le, ó dé -17.3°C ní Braemar ní Scotland, ọ̀pọ̀ tó wà ní gúúsù England náà sì pàdánù ohun tí wọ́n ti ń fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀ láìbò. Àwọn èèyàn wa ní Houston náà mọ̀ ọ́n: ní oṣù Kejì 2021, òtútù já wọ Texas, ó sì pa ọ̀pọ̀ igi tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹni tó wà ní Chicago kò ní ohun tí yóò jiyàn lé lórí. Ilẹ̀ gan-an ń dì níbẹ̀, gbogbo dahlia gbọdọ̀ jáde. Ní Amẹ́ríkà, òǹkà tí wọ́n ń lò yàtọ̀ sí ti Britain. Àgbègbè 1 sí 13 ni wọ́n pín ilẹ̀ sí, 1 ló tutù jù. Ẹ má fi nọ́ńbà ìlú kan ka ti èkejì.

Ìgbà tí a ń kó wọn jáde

Ní ìparí oṣù Kẹta, mo máa ń gbé àpótí dahlia wá síta gáréèjì, mo ń gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò kọ́ḿpọ́sì, orí rẹ̀ hàn díẹ̀, mo sì ń gbé wọn sí ibi tó mọ́lẹ̀ nínú ilé. Ojú pupa tó dà bí orí ẹṣẹ́ pín-ín-nì á yọ ní ọrùn. Ìgbà yẹn ni mo ń bẹ̀rẹ̀ sí bomi dáadáa, kì í ṣe kó tó yọ.

Oṣù Kẹrin ni yóò tàn yín. Oòrùn á ràn fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo èèyàn á gbé aga síta, ọkàn á máa sọ fún yín pé ó ti parí. Kò tíì parí. Ní gúúsù England, ìrì dídì lè dé títí di ìparí oṣù Karùn-ún, ní àríwá àti ní Scotland ó lè wọ oṣù Kẹfà. Ewé tó dàgbà nínú ilé rọ̀, awọ rẹ̀ kò tíì le. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa gbé wọn síta lọ́sàn-án, sí abẹ́ òjìji ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa gbé wọn wọlé lálẹ́. Ata àti ewúro ni kí ó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn tí mo bá ti gbìn wọ́n sílẹ̀ tán, mo ṣì ń fi garawa àtijọ́ méje sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ní òru tí ìràwọ̀ bá tún hàn ketekete, mo ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan bo àwọn dahlia lórí, kí n tún ṣí wọn ní aago méje àárọ̀.